Ọkọ̀ Méjì, Etí Kan

Nígbà tí Jerko kọ́kọ́ fojú kan Vinka, etí òsì ọmọbìnrin náà ló lẹ̀ mọ́ ikùn ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n gbé lé igi lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ó ń fi òòlù kékeré kan lu ara ọkọ̀ náà, kó, kó, kó, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ilé àna. Eruku fáíbà tí wọ́n fi mọ ọkọ̀ náà bo irun rẹ̀, ó bo ìpéǹpéjú rẹ̀, oòrùn oṣù Kẹta sì ń tàn sí i lára títí ó fi dà bí ẹni tí wọ́n yí nínú ìyẹ̀fun. Jerko dúró sójú kan. Ohun tó bá wá ti fò lọ lọ́kàn rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní. "Ṣé kò sẹ́ni nílé ni?"

Ọmọbìnrin náà kò dáhùn. Apá ọ̀tún rẹ̀ ni Jerko dúró sí. Jerko rò pé ìgbéraga ni, àwa ará etíkun sì lórúkọ burúkú nípa ìyẹn. Ó yí imú ọkọ̀ náà po, ó bọ́ sí apá òsì, ó tún ìbéèrè rẹ̀ bi.

"Wọ́n wà nílé," obìnrin náà fèsì láìla ojú. "Omi ni mò ń wá. Fáíbà tí omi bá ti wọ̀ kì í dáhùn bí èyí tára rẹ̀ le. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n gbọ́ràn."

Ó lù ú títí ó fi dé ìdí ọkọ̀. Nígbà tó la ojú, ó rí ọkùnrin gíga kan tó di fìlà mọ́ àyà bí ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ọkọ̀ ni mò ń wá," Jerko sọ. "Ọkọ̀ tí mo lè máa gbé inú rẹ̀."

"Níbo lẹ ti wá?"

"Sinj."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Vinka. Ẹ̀yìn òkè ni Sinj wà, ẹṣin ni wọ́n fi ń ṣọdún níbẹ̀. "Ará òkè! Ṣé ẹ fẹ́ di gàárì sí ọkọ̀ lẹ́yìn ni?"

"Ọdún méjì ni mo ti ń ṣí afárá Tisno. Kò sí ọkọ̀ yín tí kì í gba iwájú mi kọjá."

"Ẹ̀yin ni? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ta pẹ́?"

"Ìṣẹ́jú méjì."

"Mẹ́ta. Mo máa ń kà á."

Bí ẹ bá ní kí n sọ òtítọ́, ìṣẹ́jú kan ṣoṣo tí wọ́n ń jiyàn lé yẹn ni ìfẹ́ gbà wọlé.

Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni Jerko. Afárá tó so erékùṣù wa mọ́ ilẹ̀ ńlá ló ń mójú tó. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ àti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, á dá mọ́tò dúró, á gbé afárá sókè kí àwọn ọkọ̀ ìgbòkun tó ní òpó gíga lè kọjá. Yàrá kan ló háyà. Ṣùgbọ́n bí oṣù Kẹfà bá ti dé, onílé á lé e jáde nítorí àwọn àlejò tó ń wá wẹ̀ nínú òkun, á sì máa kó ẹrù káàkiri bí ológbò tó ń kó ọmọ títí oṣù Kẹsàn-án. Ó ti sú u. Kò wá ju ilé kékeré kan tí ẹnikẹ́ni ò ní lé e kúrò nínú rẹ̀. Ó tún wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ọkùnrin mẹ́jọ kan, irú èyí tí kì í lo ohun èlò kankan àfi ọ̀fun. Etí rẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi mọ ẹni tí ohùn rẹ̀ já wálẹ̀ bí fọ́nrán irun.

Vinka ní tirẹ̀ jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá Bepo, ẹni tó ni ọgbà àtúnṣe ọkọ̀ náà, bí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti lu ọkọ̀ àtijọ́ kó sì kọ ọ́ sínú ìwé bóyá ara rẹ̀ le tàbí kò le. Ohun tó bá kọ, títí dé Zadar ni wọ́n ti ń gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n Vinka ní àṣírí kan. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti ń lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ha fáíbà, ariwo ẹ̀rọ náà sì ti pa etí ọ̀tún rẹ̀. Ọdún méjì rèé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kò sọ fún bàbá rẹ̀ pàápàá. Bó bá jókòó, á wá ibi tí gbogbo ènìyàn á wà lápá òsì rẹ̀. Ta ló máa gbé ọkọ̀ wá fún ẹni tí kò gbọ́ràn pé kó bá òun fetí yẹ̀ ẹ́ wò? Bí àṣírí yìí bá tú, iṣẹ́ tó fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù yẹn ló ń gbé sùn, òun náà ló ń gbé jí.

Ọkọ̀ méjì ló wà fún títà lọ́dún náà, wọ́n dúró ti ara wọn bí obìnrin méjì tó fẹ́ ọkọ kan. Èkíní ń jẹ́ Lasta, orúkọ ẹyẹ alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Ti Bàbá Bepo ni, orúnkún rẹ̀ ni kò gbà á láyè láti máa tọ́ ọ mọ́. Èkejì ń jẹ́ Teta Mare, ìyẹn Àǹtí Mare. Opó kan tó ti kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Zagreb ló fi í sílẹ̀.

"Ẹ má bi mí pé èwo ló dára jù," Vinka sọ. "Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe fún mi. Ẹ fẹ́ máa gbé inú rẹ̀ ni, ẹ fẹ́ rìn jìnnà ni, àbí ìdíje lẹ fẹ́ máa lọ?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Gbogbo rẹ̀ ò sí nínú ọkọ̀ kan. Ẹ wo Lasta. Ọdún 1985 ni wọ́n ṣe é. Fáíbà rẹ̀ fẹ́lẹ́, ikùn rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó fúyẹ́. Atẹ́gùn tí kò lè mi ewé, Lasta á fi rìn. Bàbá mi ti fi gba ife mọ́kànlá. Ó yá, ẹ wọlé wò ó."

Jerko wọlé. Orí rẹ̀ gbá àjà, pàá!

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," Vinka ní, ẹ̀rín wà lóhùn rẹ̀. "Ẹ ò lè nàró níbẹ̀. Iná ìdáná kan, omi mímu ọjọ́ mẹ́ta, bẹ́ẹ̀dì tí ẹ ó máa ká ní àràárọ̀. Bí ìgbì bá dé, á máa jù yín sókè bí ẹni tó ń fẹ́ ọkà."

"Teta Mare ńkọ́?"

"Èyí jẹ́ ọmọ ọdún 1974. Nígbà náà àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ò tíì fọkàn tán fáíbà, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ léra títí àyà wọn fi balẹ̀. Ó nípọn bí ògiri. Irin tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn, ẹ lè fi ìtọ́kọ̀ sílẹ̀ kí ẹ lọ po kọfí, kò ní yà lọ́nà. Ó ní ilé ìdáná, ó ní bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin, orí yín ò sì ní gbá nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kò ní dìde fún atẹ́gùn yẹpẹrẹ. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ẹ̀yìn rìn wọ èbúté, ẹ kọ́kọ́ gbàdúrà."

"Nínú ìdíje ńkọ́?"

"Wọn á ti fọ abọ́ àsè tán kí ẹ tó dé."

Jerko bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun á lọ rò ó. Irọ́ ni. Ojú Vinka ló lọ ń rò.

Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè kò tán lẹ́nu Jerko. Òní, ó wá béèrè ọ̀rọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì. Ọ̀la, ó wá béèrè nípa ìdákọ̀ró. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, "ẹ" ti di "o". Bí Vinka bá gbé ọkọ̀ oníbàárà jáde lọ dán an wò, abẹ́ afárá ló máa gbà, á sì ju nǹkan sókè sí Jerko bó ti ń kọjá: ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ nínú àpò, sàdíìnì oníyọ̀ nínú ìgò, ọsàn kan. Jerko á ṣí fìlà, á kọrin kan sí i láti òkè, àwọn onímọ́tò tí wọ́n tò sẹ́yìn á máa fun fèrè.

"Kí ló dé tí o máa ń ṣí fìlà dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ọkọ̀ tó bá kọjá?" Vinka bi í lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ jókòó ti odi èbúté, tí Jerko wà lápá òsì. "Ìwọ lo ṣílẹ̀kùn fún wọn. Àwọn ló yẹ kí wọ́n dúpẹ́."

"Ọdún mẹ́fà ni mo fi wáṣẹ́, Vinka. Bí ẹnikẹ́ni ò bá kọjá, wọn ò ní nílò mi. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ló ń fún mi lóúnjẹ." Ó wò ó. "Ẹni kan tilẹ̀ ń fún mi ní sàdíìnì."

Ara Vinka tutù pẹ̀sẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ó ti jókòó ti ẹnikẹ́ni láìṣọ́ra.

Bàbá Bepo ló kọ́kọ́ fura. "Ọkọ̀ ló ní òun wá rà," ó sọ fún ọmọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ. "Ó jọ pé ọkọ ló fẹ́ dà. Ará òkè! Kò mọ orúkọ atẹ́gùn méjì."

"Á kọ́ ọ, Bàbá."

"Ní ọjọ́ orí wo?"

Lóṣù Karùn-ún, Jerko sọ pé Lasta lòun fẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lasta ni Vinka fẹ́ràn láti kékeré, Jerko sì rò pé bí òun bá rà á, Vinka á máa wá díje nínú rẹ̀. Ọkùnrin tó nífẹ̀ẹ́ kì í rántí orí tó gbá àjà. Bàbá Bepo gbà láti tà á fún un, ó ní owó ará òkè náà owó ni. Wọ́n fi àdéhùn sí i pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jọ gbé e lọ sí ìdíje oṣù Kẹwàá. Ó wá ku kí Vinka lu ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó kọ ìwé rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta tí jugo ti ń fẹ́ ni wọ́n ṣe é. Ẹni tí kò bá gbé ọ̀dọ̀ wa kò lè mọ jugo. Atẹ́gùn gúúsù ni, ó lọ́rinrin, ó wúwo, ojú ọ̀run á dúdú, orí á máa fọ́ni, tọkọtaya á máa jà lórí ṣíbí. Òun kọ́ ni bura. Bura ní tirẹ̀ ń bọ̀ láti orí òkè, ó tutù, ó gbẹ, á gbá ojú ọ̀run mọ́ fínnífínní.

Vinka ń lu orí Lasta, níbi tí à ń tẹ̀ rìn. Jerko ń tẹ̀ lé e. Kó, kó, kó. Wọ́n dé ìdí òpó ìgbòkun. Kó, kó, pọ̀.

"Dúró," Jerko ní. "Lu ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Ibo?"

"Ibi tó ké pọ̀."

Vinka lù ú. Ó yí orí. Ó tún lù ú. Bákan náà ni gbogbo rẹ̀ rí létí rẹ̀. Òógùn bọ́ sí i lọ́rùn. Ó mọ̀ bí ẹnikẹ́ni ṣe mọ̀ pé igi fúyẹ́ kan wà láàárín fáíbà méjì níbẹ̀. Bí omi bá wọ̀ ọ́, á jẹrà. Òpó tó sì dúró lé igi jíjẹrà lè wó lu àwọn tó wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá le.

"Dọ́gba ni," ó sọ.

"Kí ló ń wí?" Bàbá Bepo kígbe láti ìsàlẹ̀.

"Ó ní ìdí òpó ń ké yàtọ̀."

"Ọkọ̀ tí mo fi gba ife mọ́kànlá! Ará òkè wá fẹ́ kọ́ ẹja ní odò wíwẹ̀? Ṣé kí n dín owó lo fẹ́? Sọ ọ́ bí ọkùnrin!"

"Kì í ṣe tówó, Bàbá, ẹ gbà mí gbọ́." Jerko yíjú sí Vinka. Ẹ̀rù ń bà á fún un, ibẹ̀ ló sì ti ṣì í sọ. "Vinka, jọ̀ọ́, yí etí òsì sí i. Ọ̀tún yẹn ò gbọ́ràn. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀."

Òṣìṣẹ́ méjì tó ń kun ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn dá ọwọ́ dúró.

Ojú Vinka funfun, ó wá pọ́n. "Etí mi gbọ́ràn. Ó gbọ́ pé òpùrọ́ ni ọ́. Kúrò lórí ọkọ̀ bàbá mi! Lọ ṣí afárá rẹ. Má jẹ̀ẹ́ kí n rí ẹsẹ̀ rẹ níbí mọ́ láé!"

Jerko sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣí fìlà fún Bàbá Bepo, ó sì lọ.

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ tí a bá sọ nígbà jugo kì í dúró. Wọ́n ní láyé àtijọ́ àwọn àgbà ìlú wa kì í dájọ́ rárá bí jugo bá ń fẹ́, wọn á dúró de bura. Títí di òní, bí ìyàwó bá lé ọkọ jáde nígbà jugo, ọkọ á lọ jókòó sílé ọtí. Bí bura bá ti gbá ojú ọ̀run mọ́, á gbé ẹja kan dání, á padà sílé, ẹnikẹ́ni ò ní sọ̀rọ̀ ọjọ́ náà mọ́. Kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ọmọ Sinj?

Bura dé lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Òkun mọ́ kedere. Vinka wọ aṣọ tó mọ́, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Jerko kò wá. Ọjọ́ kejì, kò wá. Ní ọjọ́ kẹta, Vinka gun orí Lasta láàárọ̀ kùtù kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ó lu ìdí òpó. Kò gbọ́ ìyàtọ̀. Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ síbẹ̀. Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ òsì, ó tẹ́ ẹ mọ́ fáíbà náà bí ìyá tó ń wo ara ọmọ tó gbóná, ó sì ń fi ọwọ́ kejì lù ú díẹ̀díẹ̀.

Ìlù náà ń wá sábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ń wá, ó ń wá, ó wá kú.

Ó gbé ẹ̀rọ, ó lu ihò kékeré kan síbẹ̀. Omi dúdú jáde, ó ń rùn bí ewé tó ti pẹ́ nínú kòtò. Vinka jókòó ti òpó náà, ó sunkún. Ó sunkún nítorí etí rẹ̀, ó sunkún nítorí orí bàbá rẹ̀ tí òpó náà ì bá wó lù. Ó wá rí i pé ọpẹ́ ti wọ inú ẹkún náà. Jerko ì bá ti pa ẹnu mọ́ kí ó má bàa pàdánù òun, kò pa á mọ́.

Ó lọ bá bàbá rẹ̀, ó sọ ohun gbogbo, ti òpó àti ti etí.

"Ti etí yẹn, mo ti mọ̀," Bàbá Bepo ní. "Kérésì tó kọjá, mo bi ọ́ pé ẹran ni àbí ẹja, o ní 'Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.'"

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"O ò fẹ́ kí n mọ̀. Èmi náà ò fẹ́ kí o mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ti jẹ etí òsì tèmi láti ọdún mẹ́wàá." Ó nu ojú pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Ọlọ́run ṣeun. Àwa méjèèjì ṣì ní etí kọ̀ọ̀kan. Ọmọkùnrin yẹn dà?"

"Kò wá. Bura ti fẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá, kò wá."

"Ta ló sọ fún un pé kó wá? Ní Sinj, bí obìnrin bá ní 'lọ', wọ́n ń lọ ni!"

Vinka dìde bí ẹni tí iná jó. Ó bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré kan tí kò ní òpó, ó wà á tẹ̀ lé etí omi títí ó fi dé abẹ́ afárá. Aago mọ́kànlá ni. Jerko yọrí láti inú ahéré rẹ̀ lórí afárá. Ẹrù rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, oṣù Kẹfà ti dé, onílé ti tún lé e.

"Kò tíì tó àsìkò láti ṣí i!" ó pè.

"Mi ò ní òpó, mi ò nílò kí o ṣí nǹkan kan! Sọ̀ kalẹ̀ wá!"

Ó sọ̀ kalẹ̀ sí etí omi. Ó ti rù.

"Kí ló dé tí o ò wá?" Vinka bi í.

"O ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí o rí ẹsẹ̀ mi mọ́ láé."

"Jugo ló ń fẹ́!"

"Kí ni ti jugo nínú rẹ̀?"

Vinka rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Ó sọ òfin jugo fún un, Jerko sì ń wò ó bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé òkú jí.

"Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń sunkún fún ọjọ́ márùn-ún lórí ọ̀rọ̀ tí kò sí?"

"Máa bínú sí mi, o lẹ́tọ̀ọ́. Òótọ́ lo sọ. Omi wà nídìí òpó."

"Èmi ló yẹ kí n bẹ̀bẹ̀. Kò yẹ kí n ti sọ ọ̀rọ̀ etí yẹn lójú wọn. Ìwọ nìkan ló yẹ kí n sọ ọ́ fún." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bí o bá fẹ́, màá máa tẹ̀ lé ọ, màá jẹ́ etí ọ̀tún rẹ."

"Rárá o, ọkàn mi. Etí ọ̀tún ò sí mọ́, jẹ́ ká sin ín." Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀ sókè. "Èyí ló fi omi yẹn hàn mí. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ máa tẹ̀ lé mi, máa tẹ̀ lé mi."

Lọ́sẹ̀ náà gan-an, Vinka lẹ ìwé kan mọ́ ẹnu ọ̀nà ọgbà: ETÍ KAN, ỌWỌ́ MÉJÌ. Ẹ BỌ́ SÁPÁ ÒSÌ KÍ Ẹ TÓ SỌ̀RỌ̀. A retí pé àwọn oníbàárà á sá. Ẹni méjì sá lóòótọ́. Àwọn yòókù ń wá síbẹ̀, torí wọ́n gbọ́ pé obìnrin kan wà tó lu ọkọ̀ bàbá ara rẹ̀ tó sì sọ òótọ́ nípa rẹ̀.

Teta Mare ni Jerko rà. Nígbà tó kọ́kọ́ sùn nínú rẹ̀, ó jí láàárọ̀, ó nàró, orí rẹ̀ ò gbá nǹkan kan, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é lọ́dún 1974 tí àyà wọn kì í tètè balẹ̀. Bàbá Bepo ní òun ò ta Lasta mọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n jọ gé igi jíjẹrà náà kúrò, tí wọ́n fi tuntun sí i, wọ́n fi odindi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ṣe é. Jerko ń kọrin níbi iṣẹ́. Bàbá Bepo ń bú orin ará òkè, ó sì ń gbè é.

Ní ìdíje oṣù Kẹwàá, Lasta ṣe ipò kẹrin. Bàbá Bepo ní nínú àwọn ọkọ̀ tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, àwọn ló ṣe ipò kìíní, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ bi òun pé mélòó ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ó di Jerko mọ́ra lójú gbogbo èbúté. "Ọmọ mi," ó ní, "òpó yìí ì bá ti pa mí."

Kí wọ́n tó so ọkọ̀ tán, jugo ti bẹ̀rẹ̀. Jerko àti Vinka sá lọ sínú Teta Mare, òjò ń rọ̀ lé ọkọ̀ náà lórí, kọfí ń hó lórí iná. Vinka jókòó tì í, orí rẹ̀ wà léjìká rẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ tẹ́ sí i láyà nínú kóòtù. Etí ọ̀tún rẹ̀ ló kọjú sókè. Jerko wo etí náà. Láti ọ̀sẹ̀ méjì ló ti ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu tí kò rí agbára sọ. Ó rò ó pé jugo ń fẹ́, ọ̀rọ̀ kì í dúró. Etí yìí náà kò sì gbọ́. Ó ní kí òun kọ́kọ́ fi dánra wò.

Ó tẹrí ba, ó sọ ọ́ síbẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Kọfí ti ń dà nù," Vinka ní. Ó dìde lọ pa iná.

Bura dé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ojú ọ̀run fọ̀ ṣákáṣáká, o lè ka òkúta orí òkè láti etí omi. Jerko fi ẹnìkan sí ipò rẹ̀ lórí afárá, ó ra ẹja ńlá kan, ó gbé e dání wọ inú ọgbà àtúnṣe ọkọ̀. Vinka wà lábẹ́ ikùn ọkọ̀ kan pẹ̀lú òòlù rẹ̀, eruku bò ó bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Jerko rìn yí i ká, ó bọ́ sápá òsì.

"Vinka," ó ní, "ṣé wàá fẹ́ mi? Wá ká jọ máa gbé inú Teta Mare."

Vinka gbé òòlù sílẹ̀, ó nu ọwọ́ lára aṣọ, omi sì kún ojú rẹ̀.

"Mo gbọ́ ti àná," ó ní. "Ọwọ́ mi wà láyà rẹ. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà pátá ló gba abẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi wọlé."

"O gbọ́? Kí ló dé tí o sá lọ pa iná kọfí?"

"Jugo ló ń fẹ́, ará òkè. Mo ti jí láti aago mẹ́rin, mo ń dúró kí n mọ̀ bóyá wàá tún un sọ." Ó gba ẹja náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti ní bẹ́ẹ̀ ni láti àná, o ṣeun tí o padà wá."